Awakọ̀ tí ó Sá fún Ọlọ́pàá: Ìtàn Òfin Kan láti Ẹnu Ibodè dé Jábì

Kí òyìnbó tó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ dídúró àti sísá lójú ọ̀nà ti wà. Ìlú tí ó bá ní odi a ní ibodè, ibodè a sì ní oníbodè tí ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò àti alárùú fún ọba tàbí ìjòyè tí ó fi í síbẹ̀. Èrò tí kò bá fẹ́ san owó náà a wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, a gba inú igbó kọjá. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹrù rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ní àkókò àlàáfíà, gbogbo ìlú ni ó mọ oníbodè: wọ́n mọ agboolé rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ìgbà tí ogun bá dé ni nǹkan a dàrú, tí àwọn agbénipa àti ajínigbé a ba sójú ọ̀nà, tí èrò kò sì ní mọ èwo ni oníbodè, èwo ni ọ̀tá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sá kò jẹ̀bi lójú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó dúró gan-an ni àwọn ènìyàn ń pè ní òmùgọ̀.

Ìbéèrè yìí náà ni ó padà wá nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé. Ní ọdún 1906, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, ni ìjọba amúnisìn la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ọkọ̀ kò pọ̀ nígbà náà, ọlọ́pàá kò pọ̀, ẹni tí ó bá sì fi ọkọ̀ sá lọ ní Ìbàdàn, kí ni yóò fi ara rẹ̀ pamọ́ sí? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú á ti mọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i ni òfin ń pọ̀ sí i, títí tí Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1949. Irú òfin bẹ́ẹ̀, tí àwọn amúnisìn kó wá láti ìlú wọn, kò ṣòro láti lóye: bí ọlọ́pàá tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ bá na ọwọ́, kí awakọ̀ dúró. Ẹni tí kò bá dúró ti ṣẹ̀, ó sì lè san owó ìtanràn tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ìgbà díẹ̀. Òfin ojú ọ̀nà kò ka ẹni tí ó sá sí apànìyàn. Aláìgbọràn ni ó kà á sí.

Òfin mìíràn wà tí ó burú ju èyí lọ, kò sì sí nínú ìwé òfin ọkọ̀ rárá. Nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ni ó wà, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Criminal Code. Ìrìn-àjò ìwé náà yẹ fún àkíyèsí. Sir Samuel Griffith ni ó kọ ọ́ fún ìpínlẹ̀ Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin níbẹ̀ ní 1899. Láti ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti mú un wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, tí wọ́n sì fi í lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916, lẹ́yìn tí Lugard ti pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Abala 271 nínú rẹ̀ sọ pé bí ọlọ́pàá bá ń lọ mú ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn, irú ọ̀ràn tí a lè torí rẹ̀ mú ènìyàn láìgba ìwé àṣẹ, tí ẹni náà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọlọ́pàá lè lo agbára tí ó bá yẹ láti dá a dúró. Bí ọ̀ràn náà bá sì jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sókè, ọlọ́pàá lè pa á bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tí ọwọ́ fi lè tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó. Ní apá kan, awakọ̀ tí kò dúró yóò san owó ìtanràn. Ní apá kejì, ẹni tí ó sá lè kú, kí ẹni tí ó pa á sì rí òfin kan di mú. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì ni orúkọ tí ọlọ́pàá bá fún ẹni tí ń sá. Bí ó bá pè é ní awakọ̀ tí kò ní ìwé, owó ni. Bí ó bá pè é ní adigunjalè, ìbọn ni. Ẹni tí ó sì ti kú kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé ni orúkọ yìí wá di ohun tí ó rọrùn láti pe ènìyàn. Ìbọn ti pọ̀ nílùú, ìdigunjalè gbilẹ̀, ìjọba ológun sì ṣe Àṣẹ Ológun nọ́ńbà 47 ti 1970 tí ó fi ikú ṣe ìjìyà ìdigunjalè; wọ́n tún un ṣe nínú Àṣẹ nọ́ńbà 5 ti 1984. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ọlọ́pàá bá sọ pé òun fura sí gẹ́gẹ́ bí adigunjalè ti bọ́ sínú àwọn tí abala 271 gbà láti pa bí wọ́n bá sá tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ìlànà ọlọ́pàá tí à ń pè ní Force Order 237, èyí tí ó sọ ìgbà tí ọlọ́pàá lè yìnbọn, tẹ̀lé ipa ọ̀nà kan náà: ikú tàbí ọdún 7. Àwọn ọlọ́pàá wá tò sí gbogbo ojú ọ̀nà pẹ̀lú igi, àgbá àti pátákó oníṣòó, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lọ́sàn-án àti lóru. Dírẹ́bà sọ ibẹ̀ ní ṣẹ́kípọ́ìntì, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu títí di òní.

Ní oṣù Keje ọdún 1981, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Dele Udo ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba ní Èkó. Sáré-sáré ni, ó ti ṣojú Nàìjíríà nínú eré Òlíńpíìkì ti 1980 ní Moscow, ẹni ọdún 24 ni. Gbogbo ìlú pariwo, ṣùgbọ́n ibùdó àyẹ̀wò kò kúrò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, wọ́n tún yìnbọn pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Israel Rindam ní Èkó kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí ológun ni ẹni tí ó kú; àwọn ọmọ ogun jáde sígboro láti wá ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá sì fi ojú pópó sílẹ̀. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ẹ̀ka agbógunti-ìdigunjalè tí ó di SARS ti jáde, àwọn tí wọ́n ń wọ aṣọ ilé, tí wọ́n ń gun ọkọ̀ tí kò ní àmì. Ìpinnu yìí ni ó tún ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ jù. Òfin ní kí awakọ̀ dúró fún ọlọ́pàá tí ó wọ aṣọ iṣẹ́. Ìjọba wá dá ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ń retí pé kí awakọ̀ mọ̀ wọ́n. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ yarí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni ìjọba tó tú SARS ká, ní ọjọ́ 11 oṣù náà.

Ó yẹ kí a rántí pé ọ̀nà mìíràn ti wà, ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà sì ni aṣáájú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kò gbé ìbọn. Ohun tí wọ́n ní ni aṣọ tí gbogbo ènìyàn dá mọ̀ àti ojúlówó ìwé àṣẹ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà títí di 1983 kí ìjọba àpapọ̀ tó tú wọn ká. Nígbà tí ìjọba Ológun Babangida fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1988, nípa Àṣẹ nọ́ńbà 45 ọdún náà, Ṣóyínká ni wọ́n tún fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀, Olú Agúnlóyè sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, òfin tí ó sì gbé e ró lónìí ni ti 2007. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà kò fẹ́ràn wọn, wọn a sì máa sá fún wọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ń ba ẹni tí ó sá fún wọn kì í ṣe ẹ̀rù ọta ìbọn.

Ìtàn Àbújá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìbàdàn àti Èkó. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, nípa Àṣẹ nọ́ńbà 6, ni ìjọba Murtala Muhammed gé ilẹ̀ kúrò lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara àtijọ́ láti fi ṣe olú-ìlú tuntun, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ti dábàá rẹ̀. Ilẹ̀ Gbagyi ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìjọba kó lọ síbẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Nítorí pé ilẹ̀ Àríwá ni wọ́n ti gé e, Criminal Code kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀; Penal Code tí Àríwá gbà ní 1960 ni. Ohun kejì ni pé Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀, bí abala 299 òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 tilẹ̀ ní kí a máa lò ó bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ni. Kò ní gómìnà, kò sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Èkó lè jókòó, kí ó ṣe òfin fún ojú ọ̀nà rẹ̀, kí ó dá LASTMA sílẹ̀ ní 2000, kí ó sì ṣe òfin ìrìnnà tuntun ní 2012. Fún Àbújá, ilé aṣòfin àpapọ̀ ni ó ń ṣe òfin, mínísítà ni ó sì ń ṣàkóso. Àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró nílùú náà wá pọ̀ ju àwọn tí òfin dárúkọ lọ: ọlọ́pàá wà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà, àwọn ayẹ-ọkọ̀-wò tí gbogbo dírẹ́bà mọ̀ sí VIO wà, oríṣìíríṣìí ẹgbẹ́ àfiṣiṣẹ́ sì tún wà, tí ẹlòmíràn nínú wọn yóò fò sínú ọkọ̀ tí yóò di ìdarí mú kí dírẹ́bà tó mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ní Àbújá yìí ni ọ̀ràn tí ó burú jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2005, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan, ń ti òde àríyá bọ̀ nínú ọkọ̀ Peugeot 406. Àwọn ọkùnrin náà jẹ́ ọ̀dọ́ oníṣòwò ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àpò. Ní òpópónà Gimbiya ní Garki ni àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn sí ọkọ̀ wọn níbi tí wọ́n dí ọ̀nà sí. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí kò kú ní ibẹ̀ ni wọ́n pa lẹ́yìn náà. Kí ni àwọn ọlọ́pàá sọ? Wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, gbólóhùn tí a ti ń fi bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀ láti 1970. Ṣùgbọ́n ará ọjà kò gbà. Wọ́n mọ àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì dìde. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ rí i pé wọn kì í ṣe olè, ìjọba sì tọrọ àforíjì. Ẹjọ́ náà falẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 12. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Adájọ́ Ishaq Bello ti ilé-ẹjọ́ gíga Àbújá dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá méjì, ó sì dá àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀, títí kan ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn ìdílé tí ó pàdánù ọmọ kò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní abala 33 sọ pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀, ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà gbà pé ikú lè wáyé nígbà tí a bá lo agbára tí ó pọn dandan láti mú ènìyàn lọ́nà òfin, tàbí láti má ṣe jẹ́ kí ẹni tí a ti mú lọ́nà òfin sá lọ. Àwọn agbẹjọ́rò lè jiyàn lórí gbólóhùn yìí fún oṣù kan. Ọlọ́pàá tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019 ni Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá Mohammed Adamu ní kí wọ́n tún Force Order 237 ṣe, ọdún kan lẹ́yìn náà sì ni Òfin Ọlọ́pàá tuntun rọ́pò èyí tí ó ti wà láti 1943. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa obìnrin agbẹjọ́rò kan nínú ọkọ̀ ìdílé rẹ̀ ní Ajah ní Èkó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà.

Bí ènìyàn bá wá bi dírẹ́bà léèrè pé kí ló dé tí ó fi ń sá, ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Àwọn kan ń sá nítorí pé wọn kò ní ìwé ọkọ̀, àwọn kan nítorí pé wọ́n ti mutí, àwọn kan nítorí pé olè ni wọ́n ní tòótọ́. Kò sí ìdí láti bo ìyẹn mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ sá ní òpópónà tí èrò pọ̀ sí lè pa ju ẹni tí ó ń lé e lọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń sá nítorí pé wọn kò mọ ẹni tí ń na ọwọ́ sí wọn. Adigunjalè ti wọ aṣọ ọlọ́pàá rí ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní Àbújá, àwọn olè tí wọ́n ń gbé èrò nínú tákísí, tí gbogbo ìlú ń pè ní wọ́n-ṣáǹsì, ti kọ́ ará ìlú láti máa fura sí ọkọ̀ èyíkéyìí tí ó bá dédé dábùú iwájú wọn.

Àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí olúkúlùkù wọn ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí awakọ̀ tí ó bá sá, ti gbìyànjú láti dáhùn apá yìí. Ní California, kí a tó lè sọ pé awakọ̀ sá fún ọlọ́pàá, òfin béèrè pé kí ọkọ̀ ọlọ́pàá ní àmì tí ó yà á sọ́tọ̀, kí iná pupa rẹ̀ máa tàn níwájú, kí fèrè rẹ̀ dún bí ó bá ti yẹ, kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹrù ìdánimọ̀ wà lórí ẹni tí ń lé, kò sí lórí ẹni tí a ń lé. Ní ti ìbọn, ìpínlẹ̀ Tennessee ní òfin tí ó jọ abala 271 wa, àní tí ó tún gbòòrò jù ú lọ. Ní 1974 ọlọ́pàá kan ní Memphis yìnbọn pa ọmọdékùnrin ọdún 15 tí kò ní ohun ìjà, bí ó ti ń fò odi lọ. Ní 1985 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé òfin náà kò bá òfin-ìpìlẹ̀ wọn mu: a kò gbọ́dọ̀ pa ẹni tí ń sá àfi bí ìdí bá wà láti gbàgbọ́ pé ó léwu fún ẹ̀mí ẹlòmíràn. Abala 271 ṣì wà nínú ìwé òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Griffith ti kú láti 1920.

Jábì ni ọ̀rọ̀ náà gbé dé báyìí. Àdúgbò tí adágún-odò ńlá wà ni, orúkọ abúlé Gbagyi àtijọ́ ni ó sì ń jẹ́. Páákì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi mọ̀ ọ́ jù, nítorí láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó àti Ìbàdàn ti ń gbéra. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn VIO dá agbẹjọ́rò kan dúró ní Jábì, wọ́n mú kí ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀. Agbẹjọ́rò náà kò sá, kò sì bẹ̀ wọ́n. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá ni ó gbà lọ, ó sì pe ilé-iṣẹ́ ìrìnnà ojú pópó Àbújá, ọ̀gá àwọn VIO ní Jábì àti mínísítà lẹ́jọ́. Ìbéèrè rẹ̀ jọ èyí tí ìbá wà lẹ́nu èrò níwájú oníbodè: ta ni ó rán yín, òfin wo sì ni ó fún yín ní àṣẹ?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Adájọ́ Evelyn Maha dá a láre. Ó ní kò sí òfin kankan tí ó fún àwọn VIO lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀ lórí. Bí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn sí ohun ìní rẹ̀ àti sí ìgbẹ́jọ́ òdodo lójú mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà fún olùpẹjọ́, ẹni tí ó béèrè fún 500 mílíọ̀nù. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 ilé-ẹjọ́ náà fi ọwọ́ sí ìdájọ́ ti àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó yọ̀ sí ìdájọ́ yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sá. Agbára ọlọ́pàá láti dá ọkọ̀ dúró kò dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹjọ́ náà kò sì yẹ ọ̀rọ̀ ìbọn wò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó yìnbọn ní Jábì lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá ìbéèrè ìdánimọ̀ padà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà, sí ọrùn ẹni tí ó na ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà bá ti páákì Jábì jáde ní agogo márùn-ún ìdájí, tí iná tọ́ọ̀ṣì kan sì mọ́lẹ̀ sí i lójú láti inú òkùnkùn, kò lè mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ni, bóyá VIO ni, tàbí olè, títí tí yóò fi dúró.